Ẹ̀rọ géèmù inú pálọ̀ yín: ta ló ń pàṣẹ fún un?

Tí ẹ bá ra ẹ̀rọ géèmù, tí ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, owó yín lẹ fi rà á, iná yín ló sì ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa pinnu ohun tó máa ṣe. Ká ní ẹ mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ, tí ẹ jókòó kọ géèmù ayò ọlọ́pọ́n kékeré kan fún àwọn ọmọ yín, PlayStation tàbí Nintendo Switch tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín kò ní gbà á wọlé. Yóò wá àṣẹ lára rẹ̀, kò ní rí i, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí kì í wá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn là ń pè ní ẹ̀rọ géèmù tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ èèyàn lójú ni pé oríṣiríṣi nǹkan tí kò jọra ni àwọn ọlọ́jà ń fi orúkọ yìí polówó, láti orí bọ́ọ̀dù kékeré tí ọmọdé lè fi kọ́ṣẹ́ títí dé orí àpótí olówó pọ́ọ́kú tí olè ti wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò nílé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ti ẹ̀rọ pa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1983, ọjà géèmù dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá wù ló ń ṣe káséètì géèmù fún ẹ̀rọ Atari nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì, ọjà sì kún ṣọ́ọ̀bù láìsí ẹni tó rà á. Nígbà tí Nintendo gbé ẹ̀rọ NES dé Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n fi ṣíìpù kékeré kan tó ń jẹ́ 10NES sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi èkejì rẹ̀ sínú káséètì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí géèmù ṣe ń lọ. Tí ti inú ẹ̀rọ kò bá gbọ́ èsì tó ń retí, á máa pa ẹ̀rọ, á máa tún un tàn, iná pupa iwájú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ẹ ò sì ní rí géèmù kankan gbá. Ọwọ́ Nintendo nìkan ni ṣíìpù yẹn wà, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ta géèmù gbọ́dọ̀ lọ bá wọn, kó gbà sí òfin wọn, kó sì san owó.

Lónìí, ìṣirò ló gba ipò ṣíìpù yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ní nọ́ńbà gígùn kan tí wọn kì í fi han ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà yìí ni kọ́kọ́rọ́, òun ni wọ́n fi ń bu ọwọ́ lu géèmù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà. Ẹ̀rọ tó wà nílé yín ní kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tó lè yẹ ìbuwọ́lù náà wò àmọ́ tí kò lè ṣe irú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ni àyẹ̀wò ti ń lọ: apá àkọ́kọ́ á yẹ apá kejì wò kó tó jẹ́ kó jí, apá kejì á yẹ ẹ̀kẹta wò, títí dé orí géèmù fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá ní ìbuwọ́lù, bó ti wù kó dára tó, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Owó ló wà nídìí èyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa ta ẹ̀rọ pẹ̀lú èrè tín-ń-tín, nígbà mìíràn wọ́n a tà á ní àdánù, kí wọ́n lè jèrè lórí géèmù. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó géèmù ni wọ́n sábà máa ń yọ. Tí ẹ̀rọ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀nà owó yẹn dí. Ìdí wọn yé mi, mi ò sì pè é ní ìwà ìkà. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń rajà mọ ohun tó ń rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ti kọ́kọ́ rí i pé èèyàn lè yí ẹ̀rọ géèmù lérò padà ni PS2 tí wọ́n ti ṣíìpù, irú èyí tó kún ilé géèmù àdúgbò, tí àwọn ọmọ ń sanwó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ á tú u, á yọ́ òjé sí ojú mélòó kan lára bọ́ọ̀dù rẹ̀, á so ṣíìpù kan mọ́ ọn. Iṣẹ́ ṣíìpù yìí ni láti parọ́: tí ẹ̀rọ bá ń yẹ sídíì wò bóyá ojúlówó ni, òun ló máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Sídíì àdàkọ á wá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìtọ́ni tó bá a wá, kò sí ẹni tó ṣàlàyé inú ẹ̀rọ náà fún yín, olóhun sì lè dí ọ̀nà yẹn nínú èyí tó bá tún ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Sony fúnra wọn ta ohun èlò kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2002 tó ń sọ PS2 di kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), pẹ̀lú háàdì dísìkì, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ìwé ìtọ́ni. Ẹni tó rà á lè kọ ètò tirẹ̀, kó sì rí i lójú tẹlifíṣọ̀n láìyọ́ òjé kankan.

Sony tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé PS3 jáde ní 2006. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ OtherOS, tí ẹni tó ni ín lè gbé Linux sí. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ nìkan ló lò ó. Iléeṣẹ́ ìwádìí ti ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ra PS3 tó lé ní 1,700, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìlú Rome, ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì fi wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà alágbára kan ṣoṣo, torí ó dín owó wọn kù gan-an. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2010, àtúnṣe kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 3.21 dé, ó sì yọ OtherOS kúrò. Wọ́n ní torí ààbò ni. Ẹni tó bá gba àtúnṣe náà pàdánù Linux rẹ̀, ẹni tí kò bá gbà á kò ní lè gbá géèmù pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn èèyàn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹjọ́ tó yanjú. Ilẹ̀kùn tí olóhun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, ó ṣì lè tì í láti òkèèrè, lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìtàn tó kọ́ mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Ouya. Ní oṣù keje 2012, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, tí Julie Uhrman dá sílẹ̀, bọ́ sórí Kickstarter, ìkànnì tí aráàlú ti ń dá owó fún iṣẹ́ tuntun, láti tọrọ owó fún ẹ̀rọ géèmù oní-99 dọ́là. Àpótí onígun mẹ́rin tí ọwọ́ kan lè gbé ni, Android ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíìpù Tegra 3 irú èyí tó wà nínú fóònù ìgbà yẹn. Ìlérí wọn ni pé ẹni tó bá ti ra ẹyọ kan lè kọ géèmù fún un láìra ohun èlò mìíràn. Pé skúrù lásán ni wọ́n fi dè é, ẹ lè tú u. Pé tí ẹ bá gba àṣẹ pátápátá lórí ètò inú rẹ̀, wọn kò ní torí ìyẹn fagi lé ìwé ìdánilójú rẹ̀. Ojú àwọn èèyàn là. Wọ́n ju 63,000 lọ, wọ́n sì dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 8.5 dọ́là. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2013, ó dé orí àtẹ.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi yọjú. Àwọn tó rà á ráhùn pé páàdì rẹ̀ kò dáhùn dáadáa, fóònù tuntun sì tètè lágbára jù ú lọ. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Razer ra ètò àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2019, ọdún mẹ́fà géérégé lẹ́yìn tó dé ọjà, wọ́n pa sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ṣí sílẹ̀ jù kò lè kọjá ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ láìbá sáfà yẹn sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tú tuntun jáde nínú páálí, tàbí tí ẹ bá pa ohun inú ti àtijọ́ rẹ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀, yóò ní kí ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yín, kò sì ní sí ẹni tí yóò dáhùn. Àwọn géèmù kan tí èèyàn ti sanwó fún náà kọ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ sáfà bóyá ẹ ti sanwó lóòótọ́. Bí ẹni tó kọ́lé ńlá sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé ló rí.

Àmọ́ ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó kọ Ouya fi ihò kékeré kan sílẹ̀. Tí ẹ bá fi fáìlì kan tó ń jẹ́ ouya_config.properties sínú ibi ìpamọ́ rẹ̀, tí ẹ kọ àdírẹ́sì sáfà mìíràn sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò máa lọ. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà mélòó kan. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà wá kọ sáfà tiwọn, wọ́n kó àwọn géèmù tí àwọn tó ṣe wọ́n gbà wọ́n láyè láti kó jọ, Ouya sì tún ń jí títí dòní. Ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa pátápátá kò ní rí irú àánú yẹn gbà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ẹ̀rọ kan ṣí sílẹ̀, ìbéèrè tí mo máa ń dá padà ni pé: tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá sílé lọ́la, kí lẹ ṣì lè fi ṣe? Ìbéèrè yìí wúlò ju orúkọ Android tàbí Linux tó wà lára páálí lọ. Ó ń jẹ́ kí ẹ rí i pé ìṣísílẹ̀ ní ìpele. Uzebox, ẹ̀rọ géèmù kékeré kan láti 2008, ṣí dé egungun: àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ̀ àti gbogbo kóòdù rẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́, ẹ lè ra ṣíìpù ATmega644 kí ẹ tò ó fúnra yín. Àmọ́ kílóbáìtì 4 péré ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, géèmù rẹ̀ á rí bíi ti ọdún 1985. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbá tí ilé iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2022, wà láàárín: wọn kò fún yín ní àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n Linux ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi Windows sí i, wọ́n ń ta àwọn ohun inú rẹ̀ fún àtúnṣe, ó sì ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tí mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ géèmù. Raspberry Pi ni. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é torí pé àwọn ọmọ tó ń wọ yunifásítì kò mọ inú kọ̀ǹpútà mọ́. Ó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2012, ní 35 dọ́là, bọ́ọ̀dù kan tó tóbi tó káàdì báǹkì. Kò ṣí tán pátápátá: apá kan lára ohun tó ń jí ṣíìpù Broadcom inú rẹ̀ ṣì jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè ìbéèrè mi, ó yege. Ètò tó ń lò wà lórí káàdì mẹ́mọ́rì kan tí ẹ lè yọ, ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ sì lè kó o sí ọ̀dọ̀ yín. Kò béèrè àkáǹtì, kò béèrè káàdì báǹkì, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ di ẹ̀rọ géèmù kò le. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gba ètò Raspberry Pi Imager, ẹ fi kọ Lakka, RetroPie tàbí Batocera (àwọn ètò tó ń jẹ́ kí Pi ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́) sórí káàdì mẹ́mọ́rì, ẹ ti káàdì náà bọ bọ́ọ̀dù, ẹ so páàdì USB mọ́ ọn, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan án. Yóò ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì páàdì lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ wọ́n. Wáyà tẹlifíṣọ̀n ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró: HDMI tó tóbi wà lára Pi 3, ti Pi 4 àti Pi 5 kéré, ó nílò wáyà micro HDMI. Tí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní ihò AV nìkan, Pi 3 àti Pi 4 lè gba ibi ihò hẹdfóònù wọn gbé àwòrán jáde; lórí Pi 4 ẹ máa kọ enable_tvout=1 sínú fáìlì config.txt. Tí àwòrán kò bá wá jáde, ẹ fi ẹnu wáyà pupa sí ihò yẹ́lò, torí gbogbo wáyà kọ́ ni wọ́n tò bákan náà.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń ba Pi jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Pi 4 fẹ́ fóòtì 5 àti áńpíà 3. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù kò lè gbé e, àwòrán mànàmáná kékeré á máa yọ ní igun òkè ojú tẹlifíṣọ̀n, géèmù á máa lọ́ra. Ẹ má rò pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ ṣájà. Èkejì ni pé tí NEPA bá mú iná lọ lójijì nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí káàdì, ohun tó wà lórí káàdì lè dàrú, kó má jí mọ́. Ẹ máa pa á láti inú ètò rẹ̀ kí ẹ tó yọ wáyà, ẹ sì ṣe ẹ̀dà káàdì náà sórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé Pi 4 kì í sábà jẹ ju wáàtì 7 lọ, nígbà tí PS5 lè jẹ bíi 200 tí géèmù ńlá bá ń lọ. Páwà báǹkì tó dára lè gbé Pi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ínfátà kékeré kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níbi géèmù ni àwọn èèyàn tún ti ń ṣi ọ̀nà. Ètò tó ń jẹ́ kí Pi ṣe bíi NES tàbí PlayStation àkọ́kọ́ kò lòdì sí òfin fúnra rẹ̀. Nígbà tí Sony pe Connectix, ilé iṣẹ́ tó kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún PlayStation, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a ní 2000 pé bí wọ́n ṣe tú inú PlayStation wò kí wọ́n tó kọ ètò tiwọn kò tàpá sí òfin. Ṣùgbọ́n géèmù fúnra rẹ̀ ní olóhun. Ẹ̀rọ kékeré bíi fláàṣì tí wọ́n ń pè ní “game stick” lọ́jà, tí wọ́n ní géèmù 10,000 wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni wọ́n kó láìgbàṣẹ. Ẹ ò nílò rẹ̀. SuperTuxKart wà, eré ìje ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá níwájú tẹlifíṣọ̀n kan, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà fún gbogbo ayé. Wọ́n ti ṣí kóòdù Doom, géèmù ìbọn yíyìn àtijọ́, sílẹ̀ láti 1997, Freedoom sì fún un ní àwòrán àti ìpele tí kò ní olóhun tó máa bínú.

Àpótí Android olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo kórìíra jù. Ó jọ ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀: ohunkóhun lẹ lè gbé sórí rẹ̀, ó sì sábà máa ń bá Kodi, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù, wá. Kodi fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ṣí Xbox àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, XBMC ló ń jẹ́ títí di 2014, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ó sì ń lọ geerege lórí Pi. Àpótí náà ni ìṣòro. Ní oṣù kẹfà 2025, FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráyé nípa BADBOX 2.0, ètò burúkú tí wọ́n bá nínú irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òmíràn ti ní in kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀daràn máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ṣiṣẹ́ ibi. Ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì mọ ẹni náà.

Tí ọwọ́ bá ti ń yún yín láti ṣe ju kí ẹ gbá géèmù lọ, páàdì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Raspberry Pi Pico, tó jáde ní 2021 ní 4 dọ́là, ló dára fún un. Ẹ di bọ́tìnì BOOTSEL ara rẹ̀ mú bí ẹ ṣe ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò yọ bíi fláàṣì. Ẹ ju fáìlì GP2040-CE, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ Pico di páàdì, sí i, ó ti di páàdì nìyẹn. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan nílò wáyà méjì péré: ọ̀kan sí ẹsẹ̀ Pico tí ẹ yàn fún un, èkejì sí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ GND sí. Káfíńtà àdúgbò lè gé páálí igi fún àpótí rẹ̀; ẹ jẹ́ kó wọn bọ́tìnì kó tó lu ihò, torí oní-30 mìlímítà àti oní-24 wà. Ìkìlọ̀ kan ni pé fóòtì 3.3 ni ẹsẹ̀ Pico àti ti Pi ńlá ń lò. Ẹ má jẹ́ kí wáyà fóòtì 5 kan wọ́n, ó lè pa bọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi dandan ta Pi 5 fún yín. Fún géèmù ayé NES, Mega Drive àti PlayStation àkọ́kọ́, Pi 3 àlòkù tó. Tí ẹ bá fẹ́ PSP tàbí Dreamcast, ẹ wá Pi 4. Pi 5 lè gbìyànjú díẹ̀ nínú géèmù PS2, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì nílò fáànù àti ṣájà áńpíà 5 tó wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ.